Ṣé òfin tó gba igbó mímu láyè fún fàájì ti dín ikú àlòjù opioid kù ní Amẹ́ríkà?

Kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ó dín in kù. (Opioid ni ẹbí oògùn tí morphine, heroin, fentanyl àti tramadol táwa náà mọ̀ dáadáa wà.)

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2014 ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó wo ọdún 1999 sí 2010, ó sì rí i pé láwọn ìpínlẹ̀ tó gba igbó láyè fún ìtọ́jú àìsàn, ikú àlòjù opioid fi nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 kéré sí bó ṣe yẹ kó rí. Inú àwọn ọlọ́jà igbó dùn dé ẹ̀yìn. Àmọ́ nígbà táwọn mìíràn fi ọ̀nà ìṣirò kan náà wò ó dé 2017, èsì yí bírí: ó wá fi nǹkan bí ìdá 23 nínú 100 ga jù. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé igbó ló ń pa wọ́n o. Ìṣirò ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ kò kàn lè sọ ohun tí ẹni tó kú mu ni.

Ti fàájì gan-an, ìpínlẹ̀ Colorado bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní January 2014. Ìwádìí kan rí ìdínkù níbẹ̀, àmọ́ kò tó ikú kan lóṣù.

Lójú tèmi, fentanyl ló da gbogbo ìṣirò rú. Ó lágbára ju heroin lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 50, wọ́n sì ń pò ó mọ́ ayédèrú oògùn oníhóró láìjẹ́ kí ẹni tó ń rà á mọ̀. Ohun tí ẹ̀rí fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń dín ikú yìí kù ni naloxone (oògùn tí wọ́n fi ń dóòlà ẹni tó ti lo opioid lálòjù), pẹ̀lú methadone àti buprenorphine (oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí opioid ti di bárakú fún).