Ọlọ́pàá ò nílò ẹ̀rọ kankan kó tó lè mú ẹ lórí sàlẹ́ńsà tó ń pariwo

Àbúrò, mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹ dáadáa. Ọlọ́pàá dá ẹ dúró lálẹ́ Sátidé ní Ìlú Ọba níbí, wọ́n fún ẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì £50 torí pé sàlẹ́ńsà mọ́tò Golf ẹ ń pariwo, wọn ò gbé ẹ̀rọ kankan jáde tí wọ́n fi wọn ariwo yẹn, mọ́tò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààsì MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá mọ́tò yẹ lójú títì, ìwọ wá ń bi wá pé ṣé kó o bá wọn dé kóòtù. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá sanwó. Kì í ṣe pé mò ń gbè sẹ́yìn ọlọ́pàá o, èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà, wọ́n ti dá mi dúró lórí sàlẹ́ńsà pẹ̀lú mọ́tò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan mo sanwó, ọ̀kan wọ́n ní kí n máa lọ, ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí wọ́n ń wò gan-an.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò ni pé iye kan wà, bó ṣe wà fún eré sísá lórí títì, tó o bá kọjá ẹ̀ wọ́n mú ẹ, tó ò bá kọjá ẹ̀ o ti bọ́. Ẹnì kan á ní 74 dẹ́síbẹ̀lì, ìyẹn òṣùwọ̀n ariwo, ẹlòmíì á ní 82. Àwọn nọ́ńbà yẹn wà lóòótọ́, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ni wọ́n ń fi wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà fún un láti tà á. Ó ti wà ní 74 dẹ́síbẹ̀lì látọdún 1996, nígbà tó di 2016 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wálẹ̀ sí 72, 68 ni wọ́n sì ń fà á lọ, orí pápá ìdánwò ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ìlànà tiẹ̀. Kò kan ìwọ àti ọlọ́pàá tẹ́ ẹ dúró lẹ́bàá títì lóru.

Òfin tí wọ́n fi mú ẹ, Construction and Use Regulations ti 1986 ni, nọ́ńbà 54 nínú ẹ̀. Ohun tó sọ ò gùn rárá: sàlẹ́ńsà gbọ́dọ̀ wà ní ipò tó dáa tó ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ yí i padà lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe mọ́tò náà débi tí ariwo ẹ̀ á fi lé sí i. Ó tán. Ṣó o rí nọ́ńbà kankan níbẹ̀? Ohun tí kóòtù máa bi ẹ ni pé ṣé wọ́n ti gé e àbí wọn ò gé e, ṣé ó ti jò àbí kò jò, ojú àti etí ọlọ́pàá sì tó láti fi jẹ́rìí ìyẹn. Òmíì tún wà, nọ́ńbà 97, tó ní kéèyàn má ṣe wa mọ́tò lọ́nà tó ń pariwo ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tó jẹ́ pé ó lè ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ kí ariwo yẹn má wáyé. Tó o bá ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí íńjìnnì máa ké láìlọ síbì kankan lójú iná tráfíìkì, ìyẹn náà ti wọ̀ ọ́, kódà kí sàlẹ́ńsà ẹ wà bó ṣe wá láti ilé-iṣẹ́.

Mọ́tò tèmi àkọ́kọ́, BMW àlòkù ni, ọwọ́ ọmọkùnrin kan ni mo ti rà á. Ó ti gé agolo sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn dànù, ó fi páìpù gbọọrọ kan rọ́pò ẹ̀, lọ́sàn-án tí mo lọ wò ó nínú gò-síló ohùn ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àfìgbà tí mo bọ́ sí títì ńlá lóru tí iná búlúù tàn lẹ́yìn mi. Ọlọ́pàá obìnrin kan ló sọ̀ kalẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó ní kí n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí íńjìnnì ké, lẹ́yìn náà ló dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ní kí èmi náà bẹ̀rẹ̀ wá wò. Ibi tí wọ́n ti jó irin náà mọ́ra ń dán gbinrin. Mo ní ṣùgbọ́n ó pààsì MOT, ó ní ṣé lọ́jọ́ MOT yẹn, páìpù yìí ló wà níbẹ̀? Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń so sàlẹ́ńsà gidi padà fún ọjọ́ MOT tí wọ́n á tún tú u lọ́jọ́ kejì, àwọn ọlọ́pàá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tó ń ṣe MOT gan-an, etí ló ń lò, ohun tí wọ́n ní kó wò ni bóyá ariwo ẹ̀ ju ti mọ́tò bíi tiẹ̀ tó ní sàlẹ́ńsà lásán lọ lọ́nà tó hàn gbangba. Etí onígáréèjì kan lè gbà á kí ti ọlọ́pàá má gbà á, pépà MOT ò sì sọ nǹkan kan nípa ọ̀la.

Mo tún ní èmi kọ́ ni mo gé e. Ìyẹn ò wọlé rárá. Ẹni tó wà á lórí títì ni òfin ń mú, Road Traffic Act ti 1988, apá 42, ó tiẹ̀ kan ẹni tó yọ̀ǹda mọ́tò fún ẹlòmíì pàápàá, nítorí náà tó o bá ń yá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ní Golf yẹn, fi í mọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó, £50 ni, kò sí póìǹtì lórí láísẹ́ńsì ẹ, o ní ọjọ́ 28. Tó o bá kọ̀ tó di kóòtù, ó lè dé £1,000 fún mọ́tò ilé, wọ́n á tún bù owó ẹjọ́ lé e. Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń wa PCO, ìyẹn takisí tí wọ́n ń pè látorí fóònù, lọ sí kóòtù, ó fi áàpù orí fóònù wọn ariwo mọ́tò ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ síta nínú pépà lóríṣiríṣi, kò sẹ́ni tó wojú ẹ̀. Wọ́n kàn bi í pé ibo ló ti ra sàlẹ́ńsà yẹn. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, owó tó san ò ṣeé fẹnu sọ níwájú ìyàwó ẹ̀.

Ìgbà kejì ló máa yé ẹ jù. Toyota Prius, tó ń lo epo àti bátìrì, ni mo ń fi ṣiṣẹ́ nígbà náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí PCO láàárín 2019 sí 2021 mọ ohun tójú wa rí lọ́wọ́ àwọn olè kátálísì, ìyẹn ohun tó wà lára páìpù sàlẹ́ńsà tó ń fọ èéfín mọ́. Wọ́n fẹ́ràn Prius torí pé íńjìnnì ẹ̀ kì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́, àwọn irin olówó iyebíye inú kátálísì ẹ̀, bíi palladium àti rhodium, kì í tètè jẹ, owó rhodium sì ti ga kọjá àlà nígbà yẹn. Mo jí láàárọ̀, mo tan mọ́tò, ó dún bíi jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n yọ sàlẹ́ńsà ẹ̀, gbogbo àdúgbò yọjú lójú wíńdò. Mo pe ọlọ́pàá, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹjọ́, gáréèjì ní kí n máa gbé e bọ̀. Kí n tó dé ibẹ̀ ọlọ́pàá míì ti dá mi dúró. Ẹ gbọ́ o, ariwo yẹn ju ti BMW lọ ní ìlọ́po, tá a bá sì ka òfin bí wọ́n ṣe kọ ọ́, mo ti rú u, torí sàlẹ́ńsà mi ò sí ní ipò tó dáa. Àmọ́ mo fi nọ́ńbà ẹjọ́ hàn án, mo fi téẹ̀sì gáréèjì hàn án, ó bojú wo abẹ́ mọ́tò, ó rí ibi tí ayùn ti gé e gbáńgbálá, ó kọ fọ́ọ̀mù kan fún mi pé kí n tún un ṣe láàárín ọjọ́ 14, kí gáréèjì fi òǹtẹ̀ lù ú, kí n dá a padà. Mi ò san kọ́bọ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn ò sí lọ́dọ̀ gbogbo ọlọ́pàá o, ṣùgbọ́n kò sóhun tó burú nínú kéèyàn béèrè ẹ̀ jẹ́jẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tíkẹ́ẹ̀tì.

Ti kámẹ́rà tó ń gbọ́ ariwo, tó o ní o rí nínú fídíò, ìyẹn wà. Kensington àti Chelsea ní London ti ń lò ó fún àwọn ọmọ olówó tó ń gbé mọ́tò aláriwo wá sádùúgbò wọn, ìjọba náà gbé tiẹ̀ dán wò ní 2022, Keighley lẹ́bàá Bradford ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kánsù ló ń fi òfin tiẹ̀ mú ẹ níbẹ̀, £100 ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tìẹ kọ́ nìyẹn.

Ohun tó yẹ kó o bẹ̀rù ni Section 59, ìyẹn Police Reform Act ti 2002. Tí wọ́n bá rí i pé o ń wa mọ́tò láìro ti ẹlòmíì, tó o sì ń yọ àwọn ará àdúgbò lẹ́nu, wọ́n á kìlọ̀ fún ẹ lẹ́ẹ̀kan, tó o bá tún ṣe é láàárín oṣù 12 wọ́n á wọ́ mọ́tò ẹ lọ, o ò ní rí i gbà láìsan owó gbígbé àti owó ibi tí wọ́n gbé e sí lójoojúmọ́. Ìwọ ni ìkìlọ̀ yẹn ń tẹ̀ lé, gbígbé mọ́tò míì wá ò pa á rẹ́. Padà wo pépà tí wọ́n fún ẹ bóyá 59 wà níbì kankan lórí ẹ̀.

Inṣọ́ránsì ńkọ́? O ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀, èmi sì rò pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Sàlẹ́ńsà tí wọ́n ti yí padà, o gbọ́dọ̀ sọ fún wọn, tó o bá fi pamọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ wọ́n lè kọ̀ láti san owó mọ́tò ẹ, £50 tó ò ń jà lé lórí yẹn á wá dà bí owó búrẹ́dì. Nígbà tí mo dá sàlẹ́ńsà gidi padà sára BMW mi, mo gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà mọ́tò lórí, inú píjìn-họ́ọ̀lù ló wà títí mo fi tà á.

Jọ̀ọ́, ya fọ́tò abẹ́ Golf yẹn kó o fi hàn wá. Mo fẹ́ rí i bóyá agolo ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n gé àbí wọ́n ti kan kátálísì, torí tó bá jẹ́ pé kátálísì ni wọ́n yọ, kò yẹ kó pààsì MOT kankan, mi ò sì ní gbà ẹ́ nímọ̀ràn kó o tún dárúkọ MOT yẹn níwájú ọlọ́pàá.