Ṣé kí n jó irin mọ́ flywheel kẹ̀kẹ́ ìdárayá mi kó lè le sí i?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Kẹ̀kẹ́ ìdárayá àlòkù kan ni mo rà sílé. Flywheel rẹ̀, àgbá irin tó ń yí níwájú, kò ju kílò 8 lọ. Ọ̀rẹ́ mi tó ń wa oní-kílò 22 fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní kẹ̀kẹ́ ọmọdé ni mo rà, pé ìwúwo flywheel ló ń yọ ọ̀rá lára èèyàn. Ní tòótọ́, tèmi fúyẹ́ jù. Bí mo bá ń wà á, àfi bíi pé afẹ́fẹ́ lásán ni mò ń tẹ̀. Mo yí kókó tí wọ́n fi ń mú un le títí, kò sí ìyàtọ̀. Wẹ́dà kan ti ní òun á jó irin yí etí flywheel náà ká kó lè wúwo dé ogún kílò. Ṣé ogún kílò tó, àbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ìkejì: oní-fáànù ni ti ẹ̀gbọ́n mi, ó le jù fún un, a sì wá kókó tí a ó fi dín in kù tì. Ibo ni wọ́n fi í sí?

ÌDÁHÙN: Ẹ tètè pe wẹ́dà yẹn, kí ẹ ní kó má wá mọ́. Lẹ́yìn náà kí a wá jókòó sọ̀rọ̀.

Ẹ béèrè kílò mélòó ló tó. Kò sí kílò tó máa tó, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ ni líle kẹ̀kẹ́ ti ń wá. Ọ̀tọ̀ ni ìwúwo, ọ̀tọ̀ ni ìdènà, ìyẹn ohun tó ń dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti yí. Mo ti sọ gbólóhùn yìí fún àwọn oníbàárà tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tó fi ń ṣe mí bíi kí n kọ ọ́ sí ara ṣọ́ọ̀bù. N kò sì fi bẹ́ẹ̀ dá yín lẹ́bi, torí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ wọ̀nyí gan-an ló kó èèyàn sínú rẹ̀. Wọ́n á kọ iye kílò gàdàgbà sí ara páálí, bí ẹni pé ẹran ni wọ́n ń wọ̀n. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn irú bíréèkì tó wà lára rẹ̀, ẹ ó wá a títí.

Ẹ rántí ìgbà tí mọ́tò bá kú lójú ọ̀nà, tí wọ́n ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá tì í. Ìtì àkọ́kọ́ ló ń mú ẹ̀yìn èèyàn ké. Ṣùgbọ́n bí táyà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú títì tó tẹ́jú, ọwọ́ kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Mọ́tò náà kò fúyẹ́ sí i o. Ohun tó bá ti ń lọ, lílọ ló fẹ́ máa lọ, ìgbà tí ẹ bá ní kó dúró ni ẹ ó tún mọ̀ pé ó wúwo. Bákan náà ni flywheel, àgbá irin tó ń yí níwájú kẹ̀kẹ́ yín yẹn. Alájọ ni. Ohun tí ẹsẹ̀ yín bá dá sọ́wọ́ rẹ̀ ló ń kó pamọ́, òun náà ló sì ń dá padà fún yín. Kò jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tíì yí ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́kàn padà. Ká mú flywheel ọ̀rẹ́ yín, kílò 22, ká ní ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 46, tó sì nípọn bákan náà káàkiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú kan. Ká ní ṣéènì ń mú kí àgbá yẹn yí ìgbà mẹ́ta àti ààbọ̀ fún yíyí ẹsẹ̀ kan, àgbá náà ń yí ìgbà 315 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Gbogbo agbára tó wà nínú irin ńlá yẹn nígbà náà kò ju nǹkan bíi joule 317 lọ (joule ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára). Ẹni tó bá sì ń wa kẹ̀kẹ́ ní wáàtì 150 ń ṣe joule 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín in. Ìṣẹ́jú àáyá méjì àti díẹ̀ ni! Kódà bí gbogbo irin náà bá kó jọ sí etí, kò ní kọjá nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ohun tí ìwúwo náà gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá wa kẹ̀kẹ́ náà fún wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn láìyí sípíìdì padà, kílò 22 kò tún béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rá wo ló fẹ́ yọ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin?

Ó tún kù. Agbára inú àgbá tó ń yí kì í tẹ̀ lé ìwúwo nìkan, sípíìdì ló ń ká jù: bí sípíìdì bá di ìlọ́po 2, agbára á di ìlọ́po 4. Nítorí náà, bí kẹ̀kẹ́ yín bá ní jíà tó ń mú kí kílò 8 yẹn sáré ní ìlọ́po 2 sípíìdì tọ̀rẹ́ yín, tí àgbá méjèèjì sì fẹ̀ bákan náà, tiyín ló gbé agbára jù. Ẹ sọ fún un kó tún fi yín rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní parọ́, ìwúwo ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn kì í tẹ pẹ́dà dọ́gba-dọ́gba. Ibi tí pẹ́dà wà níwájú ni agbára pọ̀ sí, bó bá dé òkè pátápátá tàbí ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ kò rí nǹkan tì. Flywheel ló ń gbé yín kọjá ibẹ̀. Tó bá fúyẹ́ jù, tí ẹ sì ń wà á jẹ́jẹ́ pẹ̀lú bíréèkì líle, ẹ ó máa rí i pé ó ń já gbì-gbì-gbì. Tó bá wúwo, ó máa ń dán lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́ gidi lójú títì. Ìgbádùn ni wọ́n ń ta níbẹ̀. Ó dáa, mo fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní iṣẹ́.

Ní ti jíjó irin mọ́ ọn. Bí ọwọ́ wẹ́dà bá ṣì díẹ̀, tí apá kan fi gíráàmù 300 péré ju èkejì lọ ní etí àgbá náà, nígbà tó bá ń yí ìgbà 315 ní ìṣẹ́jú kan, yóò máa fa kẹ̀kẹ́ bí ìgbà tí ẹrù kílò 7 ń fà á, sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sísàlẹ̀, ìgbà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ríìnì kò ní pẹ́ kó tó kú. Bó bá jẹ́ irin dídà ni wọ́n fi ṣe flywheel náà, ojú ibi tí iná bá kàn lè sán. Bó bá jẹ́ àlùmíníọ́mù, irin kò ní lẹ̀ mọ́ ọn rárá, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á fi ẹ̀rọ ìjórin lásán mú un lẹ̀, ẹ sá fún un. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá sì wà nítòsí, irin tuntun yẹn ni yóò máa fà mọ́ra. Ẹnì kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi rí, wọ́n fi wáyà so irin mọ́ ọn. Mo kọ̀, mi ò tún un ṣe, mo ní kó kọ́kọ́ lọ tú gbogbo rẹ̀ kúrò. Inú bí i. Ó sàn kí inú bí i ju kí irin fò lójú u rẹ̀.

Wàyí o, níbo ni líle ti ń wá? Lára bíréèkì. Irú mẹ́ta ló wọ́pọ̀, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun ẹ wo èyí tó wà lára tiyín.

Àkọ́kọ́ ni páàdì, awẹ́ òwú líle tàbí awọ tó ń tẹ ara flywheel. Bí ẹ bá yí kókó sọ́tùn-ún, á tẹ̀ ẹ́ sí i. Lára púpọ̀ nínú wọn, bí ẹ bá tẹ kókó yẹn wọlé, bíréèkì pàjáwìrì ni. Irú èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń fà bákan náà yálà ẹ yára tàbí ẹ rọra. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè lò ó láti wọn agbára èèyàn. Monark, kẹ̀kẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí ti lò tipẹ́, máa ń jẹ́ kí etí àgbá rin mítà 6 fún yíyí ẹsẹ̀ kan. Bí ẹ bá gbé ẹrù kílò 1 kọ́ bíréèkì rẹ̀, tí ẹ sì yí ẹsẹ̀ ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bíi wáàtì 59 ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ìwúwo flywheel nínú ìṣírò náà níbì kankan.

Ìkejì ni mágínẹ́ẹ̀tì. Kò fara kan nǹkan kan. Bí àgbá àlùmíníọ́mù bá ń kọjá lójú mágínẹ́ẹ̀tì, iná mànàmáná á máa rìn nínú àlùmíníọ́mù náà, iná yẹn ló ń fà á sẹ́yìn. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá ṣe sún mọ́ ọn tó ló ṣe máa le tó. Àmọ́ bí kẹ̀kẹ́ bá dúró, kò sí líle kankan. Nítorí náà ẹ má jókòó sórí rẹ̀ láìwà á, kí ẹ fi ọwọ́ yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ní ó ti bàjẹ́.

Ohun tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ yín wà nínú gbólóhùn tí ẹ sáré sọ kọjá: ẹ yí kókó, kò sí ìyàtọ̀. Ibẹ̀ ni àìsàn wà! Ẹ tú ìdérí rẹ̀, kí ẹlòmíràn máa yí kókó, kí ẹ máa wò ó, àgbá dúró jẹ́ẹ́, ẹnikẹ́ni má tẹ pẹ́dà. Ṣé páàdì tàbí mágínẹ́ẹ̀tì ń rìn? Bí kò bá rìn, wáyà tó so ó mọ́ kókó ti rọ̀ tàbí ó ti já. Ìyẹn wọ́pọ̀ lára àlòkù, iṣẹ́ kékeré sì ni. Bó bá jẹ́ páàdì, tó ń rìn ṣùgbọ́n tí kò dí nǹkan, ó ti jẹ tán, tàbí ẹnì kan ti da òróró sí i nítorí pé ó ń dún. Kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn páàdì kan ń fẹ́ sílíkónì díẹ̀, àwọn kan kò fẹ́ nǹkan kan, ìwé ìlò ẹ̀rọ yín ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀, kì í ṣe tèmi. Gíríìsì àti òróró ilé ìdáná, rárá.

Ti ẹ̀gbọ́n yín ni ìkẹta, ti afẹ́fẹ́. Ẹ wá kókó títí torí pé, lára ọ̀pọ̀ wọn, kò sí kókó. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni kókó. Abẹ́ fáànù ń gbá afẹ́fẹ́, bí wọ́n bá sì ṣe yára tó ni afẹ́fẹ́ ń ko wọ́n lójú. Èyí kò jọ páàdì o: bí wọ́n bá sọ sípíìdì di ìlọ́po 2, agbára tó ń béèrè á di ìlọ́po 8. Kódà láti ìgbà 50 sí ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, agbára á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lé sí i. Ìdí nìyẹn tó fi ń dàbí ẹni pé ẹ̀rọ náà ń bá wọn jà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín ẹsẹ̀ kù díẹ̀ péré, wọ́n á rí i pé ó rọ̀ lọ́gán.

Àwọn mìíràn ní ìlẹ̀kùn kékeré lára àgò fáànù, tí wọ́n fi nọ́ńbà sí. Bí ẹ bá ṣí i, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á pọ̀, á sì le. Bí ẹ bá tì í, á fúyẹ́. Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí wọ́n rò pé dídí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló yẹ kó mú un le. Ẹ gbọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń fa eruku nílé bí nǹkan bá dí i lẹ́nu: ohùn rẹ̀ á lọ sókè, ó ń sáré sí i ni, nítorí pé kò rí afẹ́fẹ́ gbá. Ẹ̀yin tó ń fi aṣọ tàbí ọ̀rá bo àgò fáànù, bí aṣọ náà bá wọ inú rẹ̀, ẹ má pè mí. Eruku tó kún inú àgò náà máa ń sọ ọ́ di fúfúyẹ́, nítorí náà ẹ máa nù ún. Afẹ́fẹ́ orí òkè gíga sì tín-ín-rín, nǹkan bí ìdá kan nínú méje ló ń dín kù níbi tó ga ju òkun lọ ní mítà 1,500, sípíìdì kan náà kò wá jẹ́ iṣẹ́ kan náà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ewu. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ní àgbá ńlá, pẹ́dà kì í dúró bí ẹsẹ̀ bá dúró, àgbá ló ń wa pẹ́dà nígbà náà, ó sì lè kọlu ojúgun yín. Ẹ rọra dín sípíìdì kù tàbí kí ẹ tẹ bíréèkì pàjáwìrì. Ọmọdé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn nígbà tó bá ń yí. Atúnṣe ẹ̀rọ ni mí, n kì í ṣe dókítà. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn tàbí orúnkún tó ń dùn wọ́n, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ dókítà wọn kí wọ́n tó tún gun oní-fáànù yẹn.

Bí ẹ bá ti wo wáyà àti páàdì yẹn tán, tó ṣì ń fúyẹ́, ẹ ya fọ́tò ibi tí bíréèkì ti pàdé flywheel, láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pẹ̀lú kókó tí ẹ yí dé òpin, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má tíì ra nǹkan kan.