Ọdún wo ni Èkó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, 1851 tàbí 1861?

Ọdún 1861 ni. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tó gbé Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ìfẹ́ inú kábíyèsí rárá: ọkọ̀ ogun Prometheus ti wà lórí ọ̀sà, wọ́n sì ti halẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ìparí 1851, àgbá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìn lu ìlú. Wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè, ṣùgbọ́n ọba ló ṣì ni ilẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú nìyẹn.

Èbúté àti erékùṣù Èkó, pẹ̀lú ilẹ̀ tó jẹ́ tiwọn, ni ìwé 1861 kàn; Àgbádárìgì di ọdún 1863.

Lábẹ́ ìjọba yìí ni àwọn Sàró, tó ti Sierra Leone dé, àti àwọn Àgùdà, tó ti oko ẹrú ní Brazil dé, gbèrú sí i. Ẹ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, tí wọ́n ṣí ní 1894: ọmọ Sàró ló náwó rẹ̀, Àgùdà ló kọ́ ọ.