Orin ìgbà èwe tó bá mi nínú ọkọ̀ ojú irin

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Manchester ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ibẹ̀ náà la bí àwọn ìbejì wa sí. Wọ́n ti pé ọmọ ọdún méje báyìí. Nígbà ìsinmi tó kọjá, a kó wọn lọ sí Scotland, a wọ ọkọ̀ ojú irin láti Fort William lọ sí Mallaig. Òkè ni lọ́tùn-ún, omi ni lósì, òjò sì ń dà lé gbogbo rẹ̀ lórí. A gun orí afárá Glenfinnan, àwọn ọmọ ń na ọrùn kí wọ́n lè ka ihò 21 tó wà lábẹ́ rẹ̀, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ẹnu mi ń kọ "Òjò ń rọ̀, ṣeré nínú ilé." Ìdànrè ni mo dàgbà sí, mi ò sì rántí ìgbà tí mo kọ orin yẹn gbẹ̀yìn. Òmíràn tẹ̀lé e, òmíràn tún tẹ̀lé ìyẹn. Omi bọ́ lójú mi, Táyé ń bi mí pé kí ló ń ṣe mọ́mì.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ làwọn orin yìí ti wá bá mi, tí wọn ò wá sí mi lọ́kàn nílé? Àwọn ọmọ ní kí n kọ́ àwọn, àmọ́ ìdajì ni mo rántí nínú èyí tó pọ̀ jù. Bàbá wọn ní ó ti pẹ́ jù, pé ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá ò lè rí nǹkan kan mú nínú orin. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ìrìnàjò. Àwọn ẹ̀jìrẹ́ á dàgbà, wọ́n á dogbó.

Ní ti ẹkún yẹn, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tó ń ro oúnjẹ alẹ́, tí fóònù ń dún lápò rẹ̀, ibo ni orin máa gbà wọlé sí i lọ́kàn? Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí ti rí i pé ìgbà tí ọkàn ò bá dúró sórí nǹkan kan pàtó ni ìrántí tí a ò pè sábà máa ń dé, pàápàá bí ohun tí a rí, tí a gbọ́ tàbí tí a gbóòórùn rẹ̀ bá jọ ti àtijọ́. Ọwọ́ yín dilẹ̀, òjò ń rọ̀, òkè sì dúró gbagidi níwájú ọmọ Ìdànrè. Kí lẹ tún fẹ́ kí orin náà ṣe?

Ọ̀rọ̀ bàbá wọn ni mo fẹ́ dúró lé, torí ọ̀pọ̀ wa níhìn-ín ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Orin eré wa kì í dá rìn, iṣẹ́ ló máa ń bá rìn. Kò sẹ́ni tó ń jókòó kọ bojúbojú: ẹnì kan á di ojú, àwọn yòókù á sá pamọ́. Inú agbo la ti ń kọ "Ẹyẹ mélòó tolongo wáyé", tó bá sì kan "ṣó", gbogbo agbo á lóṣòó. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ á ti mọ ìgbà tó yẹ kóun lóṣòó kí orin náà tó parí. Ìtumọ̀ á máa bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ò fi tó, bó ti wù kó dára. Orí àga ni ọmọ á jókòó sí, á máa wò ó.

Houston làwa ń gbé. Lọ́nà Galveston, lékeléke máa ń tẹ̀lé màlúù kiri nínú pápá, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé gẹ́lẹ́. Ẹyẹ kan náà ni o. Láti Áfíríkà ló ti fò kọjá òkun dé Gúúsù Amẹ́ríkà ní òpin ọ̀rúndún 19, nígbà tó sì di 1953 ó ti ń pamọ ní Florida, láìgba físà. Lọ́jọ́ kan, a yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, ìyàwó mi rí wọn, ó bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń gbọn ìka: "Lékeléke, bá mi léèékánná!" Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, ò béèrè ìtumọ̀. Ó kàn na ọwọ́ tirẹ̀ náà. Nígbà tá a délé, ó gbé ìka sábẹ́ iná, ó ń wá àmì funfun lórí èékánná kọ̀ọ̀kan, ó sì rí bíńtín kan lórí àtàǹpàkò. Ṣé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Ìyá rẹ̀ ní ẹyẹ ló fún un, ọ̀rọ̀ parí.

Ohùn tún ń bẹ níbẹ̀. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló máa ń yọ àwọn ọmọ tá a bí síbí lẹ́nu jù nínú èdè wa. Orin ìbílẹ̀ sì sábà máa ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀: ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ bá ti lọ sókè ni orin náà ti ń lọ sókè. (Àwọn orin ìsìn tí wọ́n ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ inú ohùn òyìnbó láyé àwọn míṣọ́nnárì ni kò bìkítà, ìyẹn ni àwọn ìlà kan fi ń ṣe bákan létí wa títí dòní.) Ọmọ tó bá mọ orin dáadáa ti mọ ohùn àwọn ọ̀rọ̀ yẹn láìmọ̀ pé òun ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Èyí tẹ́ ẹ rántí ní ìdajì, ẹ pe ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín lórí fóònù, kí àwọn ọmọ wà nítòsí, kẹ́ ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ má retí kí ẹnu kò. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Ìdànrè lè yàtọ̀ sí ti Abẹ́òkúta. Èmi àti ìyàwó mi ṣì ń bára wa jiyàn lórí ègbè bojúbojú. Ti ìyá yín ni kẹ́ ẹ mú. Ìbejì tiẹ̀ rọrùn fún un: Táyé á lé, Kẹ́hìndé á gbè é, lọ́jọ́ kejì kí wọ́n pààrọ̀. Tó bá kan "ṣó", kí bàbá wọn náà lóṣòó.

Kì í sì í ṣe gbogbo orin la gbọ́dọ̀ kọ́ wọn. Èyí tá a fi ń bú atọ̀ọ́lé nígbà yẹn, mi ò jẹ́ kí àwọn tèmi gbọ́ ọ, torí mo mọ ẹni tí wọ́n máa kọ ọ́ fún.

Bàbá Àdùkẹ́