Ọmọọṣẹ́ mi fi ẹnu fa pẹtiróòlù, ó sì mì ín, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mẹkáníìkì ni mí n'Ìbàdàn. Lánàá, ọmọọṣẹ́ mi kan fi họ́ọ̀sì fa epo látinú táńkì ọkọ̀, ló bá mì ín. Ó wúkọ́ gan-an, a fún un lépo pupa kó lè bì í, ó sì bì lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ yìí ara ẹ̀ gbóná, ó ṣì ń wúkọ́, ó láyà ń dun òun. Ṣé mílíìkì ni kí n rà ni àbí oògùn ikọ́? Ọwọ́ gbogbo wa náà sì ń là, pẹtiróòlù la fi ń fọ̀ ọ́, ṣé òun ló fà á?

Ìdáhùn: Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má ra mílíìkì, ẹ má ra oògùn ikọ́. Ẹ gbé ọmọ yẹn lọ sọ́sibítù báyìí-báyìí, ibi tí wọ́n ti lè ya X-ray àyà tí wọ́n sì ní ọ́síjìn, kì í ṣe kẹ́míìsì àdúgbò o. Ikọ́ tí ò lọ, ara gbígbóná, àyà dídùn lẹ́yìn téèyàn fa epo, àfàìmọ̀ kí epo yẹn má ti dé ẹ̀dọ̀fóró.

Ikùn ni gbogbo wa máa ń wò nírú ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ikùn kọ́ ló léwu jù. Ẹni tó mì ín lẹ́nu kan, á máa gùnfẹ̀ epo, inú lè máa ta á, ó máa ń lọ. Àmọ́ pẹtiróòlù ò ki rárá, ó ń yára ṣàn ju omi lọ, ìgbà téèyàn bá sì ń fà á tó tún ń mí, díẹ̀ á yà sí ọ̀nà èémí, díẹ̀ yẹn ò sì ní láti kún ṣíbí tíì kó tó ṣọṣẹ́. Tó bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, á fọ nǹkan ọ̀rinrin tí kì í jẹ́ káwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú ẹ̀ lẹ̀ mọ́ra dànù, ibẹ̀ á wú, omi á gbabẹ̀, ara á gbóná. Ìdí nìyẹn tí bíbì ò fi dáa, torí bí epo ṣe ń gòkè bọ̀ ló tún ń ráyè yà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Epo pupa lẹ̀rọ̀, mo gbà, nílé tiwa náà òun ni wọ́n máa ń sáré gbé tẹ́nikẹ́ni bá jẹ nǹkan burúkú, ṣùgbọ́n kì í rọ pẹtiróòlù o, ńṣe ló ń múni bì, òun fúnra ẹ̀ sì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Mílíìkì náà ò yàtọ̀.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ gbogbo ẹ̀: pẹtiróòlù ni, aago báyìí ló mì ín, a fún un lépo pupa, ó bì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má tijú. Kò sóògùn tó ń fa pẹtiróòlù jáde lẹ́dọ̀fóró, wọ́n á fún un lọ́síjìn tó bá nílò ẹ̀, wọ́n á máa ṣọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń gbádùn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó sùn síbẹ̀, ẹ má bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ sílé.

Tó bá tún ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kó fomi yọ ẹnu kó tu ú dànù, kó bọ́ aṣọ tí epo ta sí, kó fọṣẹ wẹ ibẹ̀, kó jókòó síbi tatẹ́gùn wà, tó jìnnà síná. Tó bá wúkọ́, ọsibítù ni. Tí ò bá wúkọ́ rárá, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan fún bíi wákàtí 6. Àmọ́ kí ló dé tẹ́ ẹ ṣì ń fẹnu fa epo gan-an? Púńpù ọlọ́wọ́ tó ní bọ́ọ̀lù rọ́bà láàárín họ́ọ̀sì wà lọ́jà, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí epo á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, tí kéègì bá ti wà nísàlẹ̀ táńkì á máa wá fúnra ẹ̀.

Ti ọwọ́ yín, bẹ́ẹ̀ ni, òun ló fà á. Ó ń fọ ọ̀rá ara awọ dànù, awọ á gbẹ, á là, ìdọ̀tí á wá gbabẹ̀ wọlé. Bẹnsíìnì (benzene), kẹ́míkà kan tó wà nínú pẹtiróòlù tẹ́ ẹ sì ń fà símú lójoojúmọ́, lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó bá pẹ́. Òróró ni kẹ́ ẹ fi ra gíríìsì yẹn, ẹ fi àkísà nù ún, kẹ́ ẹ wá fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi òrí pa á lálẹ́. Àkísà tó ti mu èńjìnnì ọ́ìlì àlòkù, ẹ yéé tì í sínú àpò ṣòkòtò o. Lọ́dún 1775, dókítà Percivall Pott ní London ti kọ ọ́ pé àwọn tó ń gbá ihò èéfín ilé ń ní jẹjẹrẹ awọ ẹpọ̀n, nǹkan dúdú tí èéfín fi sílẹ̀ ló fà á, irú èròjà tó wà nínú ẹ̀ sì wà nínú ọ́ìlì àlòkù yẹn.

Owó ọsibítù ńkọ́? Employees' Compensation Act ti 2010, òfin owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ka ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó yẹn, ọjọ́ 7 lẹ ní láti fi tó wọn létí. Tẹ́ ẹ ò bá tíì forúkọ sílẹ̀, ọwọ́ yín ni ìwòsàn ọmọ yẹn wà, ẹ má sọ pé kó lọ gbowó lọ́wọ́ ìyá ẹ̀.