Omi àgbàrá bo kànga wa: ṣé bílíìṣì nìkan ti tó?

Ìbéèrè: Odò Ògùn kún wọ àdúgbò wa ní Ìṣẹrí, ó sì bo kànga tí ilé mẹ́fà ń pọn. Omi ti fà báyìí. Àwọn tó wá ṣèrànwọ́ fún wa ní bílíìṣì, wọ́n ní ká dà á sínú kànga. Ṣé a lè máa mu omi náà lẹ́yìn ìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dà á síbẹ̀. Ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà ni yóò gba gbogbo agbára bílíìṣì náà. Òórùn rẹ̀ yóò máa ta yín nímú, ẹ ó rò pé omi ti mọ́, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí tó ti inú ṣaláńgá ṣàn wọlé ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́n kànga, àmọ́ kó má jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ilẹ̀ àyíká bá ṣì rin gbingbin, ó lè ti ríìngì (kọnkéré tó yí inú kànga ká) wó sínú. Ẹ má gbé ẹ̀rọ afami oníbẹntiróòlù sọ̀kalẹ̀ sínú kànga láéláé: èéfín rẹ̀ kì í ríbi jáde, ó sì ń pa ẹni tó bá wọlé. Ẹ kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ara ríìngì.

Bí omi tuntun bá sun, ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀; ibi tí okùn tutù dé ni omi jìn tó. Kànga tó fẹ̀ ní mítà 1, tí omi rẹ̀ jìn ní mítà 2, gba nǹkan bíi lítà 1,570. Lítà bílíìṣì 1 tó jẹ́ 5% (ìwọ̀n èròjà apakòkòrò inú rẹ̀) ló wà fún lítà omi 1,000. Bó bá jẹ́ 3.5% ni wọ́n kọ sára ike, lítà kan àbọ̀. Ẹ má lo èyí tó ní lọ́fínńdà. Ẹ pò ó mọ́ omi korobá kan, ẹ dà á yí ara ríìngì ká, ẹ bo kànga fún wákàtí 12 sí 24. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́n ọn títí òórùn yóò fi lọ.

Síbẹ̀, ẹ máa se èyí tí ẹ ó mu títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, nítorí omi inú ilẹ̀ àyíká kò tíì mọ́. Bí kò bá sí ohun ìdáná, ìlàjì síbí ìmutíì bílíìṣì 5% ti tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Bí omi bá ń rùn bíi kẹrosíìnì tàbí dísù, bílíìṣì kò ràn án, sísè náà kò ràn án. Omi tánkà ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣèrànwọ́: ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ káàkiri àgbáyé ń tẹ̀lé, ní ó kéré tán lítà 15 fún ẹnì kan lóòjọ́.