Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Mítà tó ń sọ̀rọ̀ àti gíríìdì ìgbàlódé

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mítà tí a ń ra káàdì sí ni gbogbo wa ń lò ní àdúgbò wa, ṣùgbọ́n a gbọ́ pé irú èyí tó ń fúnra rẹ̀ bá ilé-iṣẹ́ iná sọ̀rọ̀ ń bọ̀. Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù tó fún gíríìdì ìgbàlódé, ìyẹn ètò iná tí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀?
Òǹkàwé kan, Òkè-Fíà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Púpọ̀ nínú mítà oníkáàdì kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Inú nọ́ńbà 20 tí ẹ ń tẹ̀ ni iye iná tí ẹ rà wà, mítà yóò sì tú u fúnra rẹ̀, kódà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nígbà tí òǹkà ọjọ́ inú àwọn mítà náà fẹ́ kún ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwọn onílé ni wọ́n ní láti fọwọ́ ara wọn tẹ àkànṣe nọ́ńbà sínú wọn.

Mítà tó ń sọ̀rọ̀ lè ka iná lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 tàbí 30 kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ránṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù tó fún ìyẹn, nítorí pé bí ìròyìn náà bá pẹ́ díẹ̀ lọ́nà, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́.

Orí ìlà ńlá tó ń gbé iná láti ibùdó ìpèsè lọ sí àwọn ìlú ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Òṣogbo yín ni ibùdó tí wọ́n ti ń ṣàkóso gíríìdì Nàìjíríà wà (ìtòsí rẹ̀ kọ́ ni yóò mú iná dúró nílé yín, ẹ má bínú). Iná tí à ń pèsè gbọ́dọ̀ bá èyí tí à ń lò dọ́gba nígbà gbogbo, kí ìyípo rẹ̀ lè wà ní nǹkan bí 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ̀rọ ńlá kan bá dákẹ́ lójijì ní ibùdó ìpèsè iná Egbin tàbí Kainji, àwọn tó ń ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ rí i lójú ẹsẹ̀. Bí wáyà 330 kV bá sì já, àwọn ẹ̀rọ ààbò tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì ní láti ta ara wọn lólobó láàárín ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí gbogbo wa jọ ń fi wo fídíò kò lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi okùn fáíbà sínú wáyà tó ń gba àrá lókè òpó irin.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé ìbánisọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ gbára lé iná tí ó ń ṣọ́. Bí gíríìdì bá dà wó, bátìrì àti epo dísù ni òpó fóònù yóò máa jẹ. Bí wọ́n bá tán, ọ̀rọ̀ yóò dákẹ́ ní àsìkò gan-an tí ó yẹ kí a máa sọ fún ibùdó kan tẹ̀lé òmíràn pé kí wọ́n tan ẹ̀rọ wọn padà. Bátìrì ibùdó iná fúnra rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ìyára íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní gba inú ìbánisọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ iná yìí wọlé?
Òǹkàwé kan, Ọjà-Ọba, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Wọ́n ti gba ibẹ̀ wọlé rí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2015, wọ́n wọ kọ̀ǹpútà àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ní Ukraine, wọ́n sì pa iná mọ́ nǹkan bí oníbàárà 225,000 lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó lọ fọwọ́ tan án ní ibùdó kọ̀ọ̀kan ni ó jẹ́ kí iná padà láàárín wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà ìṣàkóso kò gbọdọ̀ wà lórí okùn kan náà pẹ̀lú èyí tí ọ́fíìsì fi ń gba lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì gbọdọ̀ yọ ohun tí à ń fọwọ́ tàn kúrò.